Kàlòkàlò àti Géèmù: Ohun Tí Ọwọ́ Dì Mú, Ohun Tí Etí Gbọ́

Òkè-Aró wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, níbi tí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn ti fara kan ti Èkó débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Oko ẹlẹ́dẹ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba àdúgbò náà kọjá ní ìrọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba Mowe tàbí Ibafo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò ní ṣàì rí irú ṣọ́ọ̀bù méjì kan tí àwọn ọmọ ń rọ́ lọ síbẹ̀. Nínú èkíní, tẹlifíṣọ̀n kan wà lórí tábìlì, PlayStation wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì di páàdì mú, àwọn yòókù sì tò sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn. Nínú èkejì, àpótí aláràbarà kan ni, ó ń tan iná pupa àti búlúù, àwòrán èso ń yí lójú rẹ̀, ó sì ń kọrin láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Kàlòkàlò nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ òbí kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ilé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, ìyá tó bá sì wá ọmọ rẹ̀ dé èyíkéyìí nínú wọn yóò fa ọmọ náà létí jáde kí ó tó béèrè ohun tó ń ṣe. A kò lè bá wọn wí tán. Owó oúnjẹ ọ̀sán ló ń wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, owó oúnjẹ ọ̀sán kì í sì í pọ̀. Síbẹ̀, bí a bá tọpa ibi tí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ti wá, a ó rí i pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín ogún ìyá wọn tipẹ́tipẹ́. Ohun tó pín wọn níyà kò ju méjì lọ: iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà gbà kí ọwọ́ ènìyàn ṣe, àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ sí i létí.

Kàlòkàlò ni ẹ̀gbọ́n. Ní ìlú San Francisco, ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Charles Fey ṣe ẹ̀rọ tí ó pè ní Liberty Bell. Róólù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pá irin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ènìyàn á ju owó ẹyọ sínú rẹ̀, á fa ọ̀pá náà, àwọn róólù á yí, wọ́n á sì dúró. Ọ̀pá náà ni kí a fiyè sí. Ó wúwo díẹ̀, ó ń ta ko ọwọ́, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó fà á rò pé bí òun ṣe fà á ni ohun tó bá jáde yóò ṣe rí. Irọ́ ni. Lẹ́yìn tí ó bá ti fi ọ̀pá náà sílẹ̀, kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Nígbà tí iléeṣẹ́ Bally gbé ẹ̀rọ Money Honey jáde ní 1963, iná mànàmáná ló ń yí àwọn róólù, ọ̀pá irin náà kò sì pọn dandan mọ́. Wọ́n kàn fi sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti ní nǹkan tí wọ́n ń fà.

Ìlú kan tó da ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìyá yìí rú ni New York. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, olórí ìlú náà, Fiorello La Guardia, fòfin de pinball, ìyẹn tábìlì tí bọ́ọ̀lù irin kékeré kan ti ń yí gbirigbiri láàrin àwọn ìṣó àti agogo. Ó fúnra rẹ̀ gbé òòlù, ó fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì da àwókù wọn sínú odò. Ẹjọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Aró: ó ní owó oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jẹ. Ní àkókò yẹn, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́nu sípíríǹgì, ó di ọwọ́ orí. Ẹni tó san owó kàn ń wò ó ni.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1947, iléeṣẹ́ Gottlieb gbé tábìlì kan jáde tó ń jẹ́ Humpty Dumpty. Harry Mabs tó ṣe é fi apá kéékèèké mẹ́fà sí i, èyí tí ènìyàn lè fi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ tábìlì gbé sókè láti gbá bọ́ọ̀lù padà. Nǹkan kékeré ni, kò sì ju gígùn ìka lọ, àmọ́ ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà. Láti ọjọ́ náà ni ẹnì kan ti lè mọ̀ ọ́n gbá ju ẹlòmíràn lọ. Òfin New York kò tètè rí ìyàtọ̀ náà. Ó di 1976 kí ọ̀dọ́mọkùnrin oníròyìn kan, Roger Sharpe, tó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìlú pẹ̀lú tábìlì pinball, kí ó fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí ó sì sọ ibi tí bọ́ọ̀lù náà yóò gbà kí ó tó gbà á. Ó gba ibẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ fi ara mọ́ ọn pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, wọ́n sì mú òfin náà kúrò. Sharpe fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé oríire wà nínú ẹ̀.

Ṣáájú kí New York tó tú ọwọ́ rẹ̀ ká ni géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ti dé. Nolan Bushnell àti Ted Dabney ló ṣe Computer Space, tó jáde ní 1971. Àpótí rẹ̀ rẹwà, ó ń dán bí ọkọ̀ tuntun. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀, ìwé ìlànà sì gùn. Àwọn ọmọ yunifásítì fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tó wà ní ilé ọtí kò rí i rò. Ẹni tó ti mu ìgò bíà méjì kò ní sùúrù láti kọ́ bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń yí láìdúró.

Bushnell kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1972, ó gbé iṣẹ́ kan fún ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Allan Alcorn gẹ́gẹ́ bí ìdánrawò lásán: kí ó ṣe géèmù bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Pong nìyẹn. Kókó kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti yí, bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò. Ọwọ́ kan tó fún un, èkejì sì lè di ife mú. Ṣùgbọ́n Alcorn kò fi mọ síbẹ̀. Ó pín ìgbálẹ̀ bọ́ọ̀lù náà sí ọ̀nà mẹ́jọ, débi pé ibi tí bọ́ọ̀lù bá ti kàn án ni yóò pinnu igun tí yóò gbà padà. Bí eré bá ti ń pẹ́, bọ́ọ̀lù á máa yára sí i. Nínú kókó kan ṣoṣo yẹn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lè jọ dúró, kí gbogbo ilé ọtí sì rí ìyàtọ̀ wọn. Wọ́n gbé àpótí àkọ́kọ́ lọ sí ilé ọtí Andy Capp's ní Sunnyvale, ní California. Láìpẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti bàjẹ́. Nígbà tí Alcorn ṣí i, ó rí i pé owó ẹyọ ló kún inú rẹ̀ tí kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìtàn ìró Pong ló dùn jù. Bushnell fẹ́ kí ariwo èrò máa sọ bí ènìyàn bá gbá a wọlé, bíi ti pápá ìṣeré. Dabney ní tirẹ̀ fẹ́ kí èrò máa fi ẹni tó pàdánù ṣẹ̀sín. Alcorn mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tó kù sí òun lọ́wọ́ kò tó láti ṣe irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ó bá wá inú ẹ̀rọ tó ń to àwòrán sójú skríìnì, ó wá àwọn ìró tó ti wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi wọ́n síbẹ̀ fún etí, ó sì so wọ́n mọ́ sípíkà. Ìró mẹ́ta ló rí: ọ̀kan fún ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ìgbálẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà tó bá kan ògiri, ọ̀kan fún àmì ayò. Odyssey, ẹ̀rọ géèmù inú ilé tí iléeṣẹ́ Magnavox tà ní ọdún náà láti inú iṣẹ́ Ralph Baer, kò tilẹ̀ ní ìró kankan.

Kò ní ya Yorùbá lẹ́nu pé ìró mẹ́ta tó láti sọ̀rọ̀. Ìró mẹ́ta ni èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ gbé lé, ìyẹn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, orí wọn náà sì ni ìyáàlù dúró lé tó fi ń ki ọba tí gbogbo ìlú sì gbọ́. Onílù a máa fún ọ̀sán ìlù rẹ̀ mọ́ra, ìró á gòkè. Á dẹ̀ ẹ́, ìró á wálẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà àti etí tó ń gbà á kò jìnnà síra wọn rárá. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ géèmù ọdún 1970 sí 1985 ń wá kiri nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ ní ìyáàlù lọ́kàn: kí ọwọ́ ṣe nǹkan, kí etí sì gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, láìsí irọ́ láàárín wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ mú kí ìró géèmù di ìlù gidi ni Tomohiro Nishikado, ará Japan, tó ṣe Space Invaders fún iléeṣẹ́ Taito ní 1978. Ọ̀wọ́ àwọn ẹ̀dá àjèjì ló ń rìn láti apá kan skríìnì sí èkejì, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀tún, òsì àti ìbọn nìkan ni ẹni tó ń ṣeré ní. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìró mẹ́rin tó wúwo ń sọ̀ kalẹ̀ léraléra bí ẹsẹ̀ ọmọ ogun. Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà kò lágbára tó láti ya gbogbo àwọn ọ̀tá náà kíákíá. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ń kú, tí èyí tó kù láti yà ń dín kù, ni àwọn tó kù ń yára sí i. Àìlera ẹ̀rọ ni. Nishikado rí i, ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó mú eré náà gbóná. Ìlù náà ń yára bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń yára. Nígbà tí ó bá ku ọ̀tá kan ṣoṣo, ìlù ti di eré sísá, àyà ẹni tó di bọ́tìnnì mú náà ti ń lù kìkì. Ed Logg àti Lyle Rains ní iléeṣẹ́ Atari lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nínú Asteroids ní 1979: ìró méjì péré, gìdì-gidi, gìdì-gidi, tó ń yára bí ewu ṣe ń pọ̀ sí i. Howard Delman ló ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ tó ń mú àwọn ìró rẹ̀ jáde.

Pac-Man ní tirẹ̀ kò ní bọ́tìnnì ìbọn kankan. Toru Iwatani ti iléeṣẹ́ Namco fẹ́ kí àwọn obìnrin náà wọlé síbi tí ọkùnrin nìkan ń kóra jọ sí, ó sì rò pé oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ tó lè kàn gbogbo ènìyàn. Ní 1980, ó gbé ẹnu rọ̀bótó kan tó ń jẹun kiri jáde, ọ̀pá ìdarí kan ṣoṣo sì ni a fi ń darí rẹ̀: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú paku-paku, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Japan fi ń ṣàpèjúwe ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé. Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èdè tó ní wùyẹ̀wùyẹ̀, jáujàu àti rògòdò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ìró lè jẹ́ àwòrán. Toshio Kai ló ṣe ìró Pac-Man. Lẹ́yìn ìró ìjẹun yẹn, ìró fèrè kan tún wà tó ń gòkè tó ń sọ̀ láìdákẹ́; bí oúnjẹ orí skríìnì bá ti ń tán lọ, fèrè náà ń ga sí i. Ẹni tó bá di ojú rẹ̀ yóò mọ bí iṣẹ́ ṣe kù sí. Òótọ́ ni fèrè náà ń sọ.

Èyí tó le jù nínú gbogbo wọn ni Defender, tí Eugene Jarvis ṣe fún iléeṣẹ́ Williams, tó gba ìgboro ní 1981. Ọ̀pá ìdarí kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, bọ́tìnnì márùn-ún pẹ̀lú rẹ̀: ìsáré, ìyípadà, ìbọn, bọ́ǹbù, àti èyí tó ń gbé ọkọ̀ fò sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ rò pé kò ní tà, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró síwájú rẹ̀ kì í pẹ́ ìṣẹ́jú kan kí ó tó kú. Wọ́n ṣì í rò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sídìí ọpọ́n ayò rí. Ihò méjìlá àti ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ni ọmọdé ń rí; ọ̀ta ń rí ibi tí gbogbo rẹ̀ yóò já sí. Ọ̀pẹ á fi ọwọ́ ka ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀ta á kàn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ró nínú ihò. Kò sí ẹni tó ń dùbúlẹ̀ sídìí ọpọ́n ayò tó rọrùn. Nídìí Defender, ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń dúró yí ẹnì kan ká ni pé wọ́n rí i tí ìka mẹ́wàá ń ṣe ohun tí ojú wọn kò lè tẹ̀lé. Williams ti ń ṣe pinball tipẹ́, àwọn ìró Defender sì wá láti irú pátákó ìró tí wọ́n ń lò nínú pinball wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré kan tó dá dúró fún ìró nìkan. Ariwo rẹ̀ le koko. Ó ní láti le, nítorí pé ogún àpótí mìíràn lè wà nínú gbọ̀ngàn kan náà, kálukú ń pe oníbàárà tirẹ̀.

Ibí ni ẹ̀rọ géèmù ti di oníkiri. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń polówó àgbàdo jíjẹ tàbí ẹ̀kọ gbígbóná ṣe mọ̀ pé ohùn òun ní láti la ariwo ọjà já, bẹ́ẹ̀ ni àpótí kọ̀ọ̀kan ń polówó ara rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń lò ó. Berzerk, tó jáde ní 1980, tilẹ̀ ní ohùn bíi ti rọ́bọ́ọ̀tì, ó sì máa ń kígbe sí àwọn tó ń kọjá pé òun ti rí owó ẹyọ nínú àpò wọn. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Gbólóhùn yẹn sì lè bani lẹ́rù tí a bá rántí pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè wà nínú àwọn tó ń kọjá.

Nítorí pé a kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: àwọn àpótí géèmù náà ń jẹ owó. Iṣẹ́ ẹni tó ṣe wọ́n ni kí eré parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí owó ẹyọ mìíràn lè wọlé. Alcorn fúnra rẹ̀ rí i pé àwọn ìgbálẹ̀ Pong kì í lè dé òkè skríìnì tán, ó sì fi àbùkù náà sílẹ̀ kí àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n gbá má baà gbá a títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti kàlòkàlò ni pé ẹni tó pàdánù mọ ìdí tí òun fi pàdánù. Ó pẹ́ kó tó yí kókó. Ó yìnbọn jù. Ọ̀la, ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí ọwọ́ gbà ń sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ kò dúró síbi kan. Trackball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ènìyàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí, wọ inú Missile Command ní 1980 àti Centipede ní 1981. Dona Bailey, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin díẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn, wà lára àwọn tó ṣe Centipede. Robotron ní 1982 gbé ọ̀pá ìdarí méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ìbọn. Ohun tí iléeṣẹ́ Capcom ṣe ní 1987 ló pani lẹ́rìn-ín jù: nínú Street Fighter àkọ́kọ́, wọ́n fi páàdì rọ́bà ńlá méjì síwájú àpótí, bí ènìyàn bá ṣe gbá a lágbára tó ni ẹ̀ṣẹ́ inú skríìnì yóò ṣe le tó. Àwọn ènìyàn gbá a. Ọwọ́ wọn ń ro wọ́n, ẹ̀rọ ń bàjẹ́. Bọ́tìnnì mẹ́fà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́fà náà sì ló wà nínú Street Fighter II ní 1991. Nínú rẹ̀, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yí ọ̀pá láti ìsàlẹ̀ sí iwájú kó tó tẹ ẹ̀ṣẹ́, yóò gbọ́ kí akọni rẹ̀ kígbe Hadouken bí iná ṣe ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Etí tí wọ́n fi èdè Yorùbá tọ́ lè ṣì í gbọ́ kó rò pé Àdùkẹ́ ni ọkùnrin náà ń pè.

Ọmọ adúláwọ̀ kò sí lẹ́yìn nínú ìtàn yìí. Jerry Lawson, tí wọ́n bí ní Brooklyn ní 1940, ṣe géèmù àpótí kan tó ń jẹ́ Demolition Derby, kí ó tó darí iṣẹ́ Channel F fún iléeṣẹ́ Fairchild ní 1976. Channel F ni ẹ̀rọ inú ilé àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè fi káséètì géèmù mìíràn sí. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ṣeé tì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ṣeé yí, ó ṣeé fà sókè, ó sì ṣeé tẹ̀ wálẹ̀. Lawson kú ní 2011. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá géèmù lónìí ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Àwọn àpótí ńláńlá náà kò gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n wúwo, wọ́n wọ́n, wọ́n ń fẹ́ iná tí kì í lọ. Bóyá ó tún jẹ́ àǹfààní fún àwọn kékeré, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ òyìnbó ló sì gun orí àpótí ọtí kí ojú wọn tó lè dé skríìnì. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa ni páàdì. Gunpei Yokoi ti iléeṣẹ́ Nintendo ló ronú kan àgbélébùú kékeré tí àtàǹpàkò ń tẹ̀, ó sì kọ́kọ́ fi sínú Donkey Kong alágbèéká ní 1982. Látinú rẹ̀ ni páàdì Nintendo, ti Sega àti ti PlayStation ti wá. Gbogbo ìka mẹ́wàá tí Defender ń béèrè, àtàǹpàkò méjì ló gba iṣẹ́ wọn.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì yí ọ̀nà owó padà. Ní gbọ̀ngàn Amẹ́ríkà àti Japan, owó ẹyọ ń ra ẹ̀mí. Bí ẹ̀mí bá tán, owó tán. Ní ṣọ́ọ̀bù Òkè-Aró, owó ń ra ìdíje kan, ìdíje bọ́ọ̀lù sì ní ìṣẹ́jú tirẹ̀ tí kò lè kúrú nítorí pé ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n gbá. Ẹni tó pàdánù á dìde, ẹni tó borí á jókòó dúró de ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ náà kò ní ìdí láti pa ọmọ kíákíá, onítọ̀hún kò sì bá ẹ̀rọ jà bí kò ṣe ọmọ àdúgbò rẹ̀. Èyí sàn ju ohun tí Bushnell àti Taito tà lọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jókòó pète rẹ̀. Tẹ́tẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ó sì ń wọ inú rẹ̀ nígbà tí àwọn méjì bá fi owó lé e. Ṣùgbọ́n ẹni méjèèjì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wọlé.

Kàlòkàlò ìgbàlódé wá láti òdìkejì ọ̀nà. Ó wo gbogbo ohun tí géèmù fi ọgbọ́n kọ́, ó mú ìró, ó fi ọwọ́ sílẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ ń tàn, ó ń dán, kò sì sí ohun tí ó ń ṣe ju ohun tí ọ̀pá Charles Fey ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀! Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: bí ènìyàn bá fi owó sí i, tí ẹ̀rọ dá díẹ̀ padà fún un nínú owó rẹ̀, orin ìṣẹ́gun ni ẹ̀rọ náà ń kọ, iná ń tàn, ara ẹni náà sì ń gbà á bí ẹni tó borí, nígbà tó jẹ́ pé ó ti pàdánù. Fèrè Pac-Man ń ga sí i nítorí pé oúnjẹ ń tán ní tòótọ́. Ìlù Space Invaders ń yára nítorí pé ọ̀tá ń yára ní tòótọ́. Orin kàlòkàlò kò so mọ́ nǹkan kan ní ọwọ́ ẹni tó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá lo ọdún mẹ́wàá nídìí rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n ta ju ẹni tó dé lónìí lọ. Kò sí ọ̀ta, gbogbo wọn ọ̀pẹ ni.

Fóònù ti ń gba ipò ṣọ́ọ̀bù báyìí. Iléeṣẹ́ Maliyo ní Èkó ti ṣe Okada Ride àti Mosquito Smasher, géèmù tí ọmọ Nàìjíríà mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Dígí tó dán ni ìka ń tẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tó ń ta koni, nítorí náà ìró ló kù láti sọ fún ìka pé ó ti ṣe nǹkan. Ojú dígí kan náà ni tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àti kàlòkàlò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bá ọmọ pàdé, kò sì sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí ìyá lè dúró sí mọ́ láti wo ohun tí ọwọ́ ọmọ ń ṣe.

Ní ṣọ́ọ̀bù Òkè-Aró, iná ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, kò sì sí ẹni tó lè gbọ́ tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ìró Japan ṣe, ohùn asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, fèrè adájọ́ àti ariwo èrò pápá tí Bushnell fẹ́ ní 1972 tí Alcorn kò lè fún un, gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò sínú ariwo ẹ́ńjìnnì. Bọ́ọ̀lù inú skríìnì kan òpó, ó wọlé. Àwọn ọmọ mọ́kànlá tó wà lórí bẹ́ǹṣì fò dìde, wọ́n hó yèè, àwọn tí wọ́n wà lójú títì sì yíjú wò.